Orí Kẹfà: Ibi Tí Owó Oníbàárà Ń Gbé

Oníbàárà lè fẹ́ràn ọjà, kí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì ti múra tán láti san án, síbẹ̀ kí ọjà má tà. Aṣọ wù ú, iye rẹ̀ bá a lára mu, ó ti kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ síbi tí wọ́n ní kó kọ ọ́ sí. Ó wá dé ibi ìsanwó, ojúewé ní kó kọ nọ́ńbà 16 tó wà lójú káàdì báǹkì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ní káàdì báǹkì rí. Orí fóònù ni owó rẹ̀ wà. Ó pa ojúewé náà dé, ó bá tirẹ̀ lọ, ọlọ́jà kò sì mọ̀ pé ẹnì kan dé ẹnu ìsọ̀ òun.

Irú àdánù yìí kì í pariwo. Bí iná bá jó ọjà tàbí olè jà, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Oníbàárà tó yí padà níbi ìsanwó kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹni tó bá ń ṣí ìsọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ wádìí ibi tí owó àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé, kó tó lọ wá ẹnu-ọ̀nà ìsanwó, ìyẹn ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní payment gateway. Òdì ni ọ̀pọ̀ ń ṣe é. Wọ́n á mú ẹnu-ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ wọn ń lò, wọ́n á wá máa retí kí gbogbo ayé gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú aládìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó ti kó àdìrẹ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ wà l'Ékòó àti n'Ìbàdàn, wọ́n wà ní Àjàṣẹ́ àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́hùn-ún ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n wà ní Accra, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston. Ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn ń gbé ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil. Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn fẹ́. Ibi tí owó wọn wà kò jọra rárá.

Láyé àtijọ́, oníbodè ló máa ń jókòó sẹ́nu ibodè ìlú. Ó mọ ẹni tó ń wọlé, ó mọ ẹrù tó rù, ó sì mọ iye tó yẹ kó san kó tó kọjá. Òun kọ́ ló ni ẹrù, òun kọ́ ló sì ni ọjà tí wọ́n ń gbé e lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣe kátàkárà kó má gba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irú iṣẹ́ yẹn ni ẹnu-ọ̀nà ìsanwó ń ṣe láàárín ìsọ̀ àti báǹkì.

Bí ọmọ Ìbàdàn kan bá kọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sórí ojúewé, ẹnu-ọ̀nà ìsanwó á sọ nọ́ńbà náà di àṣírí tí ẹlòmíràn kò lè kà, á gbé e fún báǹkì tó ń bá ọlọ́jà gba owó. Báǹkì yẹn á kàn sí ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára káàdì náà, ìbáà ṣe Visa, Mastercard tàbí Verve. Ilé-iṣẹ́ yìí ló mọ báǹkì tó fún oníbàárà ní káàdì, òun náà ni yóò sì bi báǹkì ọ̀hún léèrè: ṣé káàdì yìí ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣé owó wà níbẹ̀, ṣé ẹni tó ni ín ló mú un dání? Nítorí ìbéèrè kẹta yìí ni báǹkì ṣe máa ń fi OTP, ìyẹn nọ́ńbà ìdánilójú tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ránṣẹ́ sórí fóònù. Ìdáhùn á wá gba ọ̀nà kan náà padà wá sí ìsọ̀. Gbogbo lọ-kí-n-bọ̀ yìí kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ.

Kókó kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ọlọ́jà mú dání. Nígbà tí ojúewé bá sọ pé ìsanwó ti yọrí, owó kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Báǹkì oníbàárà ló fọwọ́ sí i pé òun yóò san án. Owó gan-an ń bọ̀ lẹ́yìn. Fún ọjà tí a tà ní Nàìjíríà, ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ló sábà máa ń wọ àkáǹtì. Èyí tó ti òkèèrè wá lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aládìrẹ tó fẹ́ fi owó ọjà òní ra aró àti téèrù lọ́la kò gbọdọ̀ ka owó tó wà lójú ọ̀nà mọ́ owó tó wà lọ́wọ́.

Ọjọ́ kan kọ́ ni ilẹ̀ wa bá ètò yìí. Ní 1993 ni wọ́n dá NIBSS sílẹ̀, tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà àti àwọn báǹkì yòókù jọ ni ín, kó lè so báǹkì kan mọ́ èkejì. Mitchell Elegbe dá Interswitch sílẹ̀ ní 2002, ilé-iṣẹ́ yìí ló sì gbé káàdì Verve jáde. Ní 2011, NIBSS bẹ̀rẹ̀ NIP, ètò tó ń jẹ́ kí owó kúrò ní báǹkì kan kó sì dé òmíràn lójú ẹsẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ tí àwọn wọ̀nyí ti fi lélẹ̀ ni Shola Akinlade àti Ezra Olubi kọ́ ẹnu-ọ̀nà ìsanwó Paystack sí ní 2015, tí Iyinoluwa Aboyeji, Olugbenga Agboola àti àwọn ẹgbẹ́ wọn sì kọ́ Flutterwave sí ní 2016. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà á rìn títí, á kọ lẹ́tà sí báǹkì, á san owó ńlá, á sì máa retí. Àwọn ọ̀dọ́ yìí sọ ọ́ di ohun tí aláṣọ kékeré lè ṣe láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí Stripe, ilé-iṣẹ́ ìsanwó kan lókè òkun, kéde ní oṣù October 2020 pé òun ń ra Paystack, ìròyìn sọ pé owó náà lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Mo ka iṣẹ́ náà sí ọ̀kan lára àwọn tó gbé orúkọ ilẹ̀ wa ga jù lọ láyé òde òní.

Ẹni tó bá wá rò pé káàdì ló ń gbé ọjà nílé wa báyìí kò tíì wo bí àwọn èèyàn ṣe ń náwó. Transfer ló gba òde. Láàárín oṣù January sí March 2023, nígbà tí náírà tuntun wọ́n bí ojú, àwọn tí kò ṣe transfer rí láyé wọn kọ́ ọ tipátipá: alákàrà, onímọ́tò, ìyá eléwé. Owó padà wá sígboro, àṣà náà kò padà sẹ́yìn. Ó sì ní ìdí. Ẹni tó ń fi káàdì sanwó ń kọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sí ojúewé ẹni tí kò mọ̀ rí, ó tún ń dúró de OTP tó lè máà dé. Ẹni tó ń ṣe transfer kò kúrò nínú áàpù báǹkì tirẹ̀. Òun ló ń rán owó jáde, kò sí ẹni tó ń wá fà á.

Ṣùgbọ́n transfer lásán kò tó fún ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí 40 èèyàn bá rán owó sí àkáǹtì kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan, tí méje nínú wọn san iye kan náà, báwo ni aládìrẹ ṣe fẹ́ mọ ẹni tó san ti aṣọ wo? Àwọn ẹnu-ọ̀nà ìsanwó rí ọ̀nà tó gbọ́n gba ibẹ̀. Fún gbogbo ẹrù tí oníbàárà bá kó jọ, wọ́n á ṣẹ̀dá nọ́ńbà àkáǹtì tuntun, onídíjíìtì 10 bíi ti gbogbo àkáǹtì báǹkì wa, tí kò ní wà ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lọ. Owó tó bá wọ inú rẹ̀, ti ẹrù yẹn nìkan ni. Ìsọ̀ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi àwòrán alert ránṣẹ́. Ẹ sì mọ bí ayédèrú alert ti ba ọjà jẹ́ tó ní gbogbo ìlú wa. Ọ̀nà yìí ni mo mọ̀ tó pa á lẹ́nu mọ́ jù. Kí ẹ sọ fún oníbàárà lójú ewé náà pé iye tó wà níbẹ̀ gan-an ni kó rán, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín, nítorí ẹni tó bá rán ₦29,900 dípò ₦30,000 lè rí i kí wọ́n dá owó náà padà fún un, kí inú bí i sí yín.

Ní ti owó iṣẹ́, iye tí Paystack ti ń kọ sí ojúewé rẹ̀ fún ọjà tí a san láti Nàìjíríà ni ìdá 1.5 nínú 100, pẹ̀lú ₦100 lórí rẹ̀. Wọ́n ń yọ ₦100 yẹn kúrò bí ọjà kò bá tó ₦2,500, gbogbo rẹ̀ kì í sì í kọjá ₦2,000. Lórí àdìrẹ ₦30,000, ìyẹn jẹ́ ₦550. Káàdì tí báǹkì òkèèrè fún oníbàárà ń gba ìdá 3.9 pẹ̀lú ₦100: ₦1,270 lórí aṣọ kan náà. Iye yìí lè yí padà, kí ẹ wò ó lójú ewé wọn kí ẹ tó fi iye sórí ọjà. Ọlọ́jà tí èrè rẹ̀ lórí aṣọ kan kò ju ₦1,500 lọ, tó sì gbàgbé ìṣirò yìí, òfìfo ni yóò máa tà fún Lọ́ńdọ̀nù.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Benin. Láti Abẹ́òkúta sí Àjàṣẹ́ kò jìnnà, èdè ò sì yàtọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n owó ti yí padà pátápátá, ó ti di sẹ́fà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ lórí WhatsApp nìyí:

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá aládìrẹ. Ẹ ó jèrè o. Mo rí èyí tó ní ẹyẹ lára yẹn, ó wù mí gan-an. Àmọ́ mi ò ní káàdì o, MoMo ni mo ń lò."

"Oníbàárà mi, ẹ ṣeun, ẹ ó lò ó pẹ́. Ṣé ẹ ò lẹ́nì kan ní Bàdágìrì tó lè bá wa fi náírà san án?"

Bí ẹnì kan bá wà ní Bàdágìrì, ọjà á tà lọ́jọ́ yẹn. Bí kò bá sí, ó parí. Kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí ètò ìsanwó orí fóònù ní Benin ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kò ní àkáǹtì báǹkì kankan ní Ṣábẹ̀ẹ́ lè ní MTN MoMo, Moov Money tàbí Celtiis Cash. Ní Tógò, Flooz ni ti Moov, T-Money sì ni èyí tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mixx by Yas. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi FedaPay àti KKiaPay, tó wà ní Benin fúnra rẹ̀, ló ń so ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ àwọn àpò owó yìí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò díjú. Oníbàárà á yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, á kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Láìpẹ́, fóònù náà á gbé ìbéèrè wá: ṣé ẹ gbà kí a san sẹ́fà iye báyìí fún ìsọ̀ báyìí? Ó tẹ PIN rẹ̀ sórí fóònù tirẹ̀, owó kúrò. Ìsọ̀ kò rí PIN náà rí. Àmọ́ ẹ rántí pé ènìyàn lè fi kọ̀ǹpútà rajà kí fóònù rẹ̀ wà ní yàrá kejì tó ń gba iná, tàbí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fà. Bí ojúewé ìsọ̀ yín bá yára kéde pé ìsanwó kùnà, oníbàárà á tún un ṣe, a ó wá gba owó lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojúewé dúró, kó sì sọ fún un pé ó ń dúró.

Ohun tó le ju èyí lọ ni ìwé. Báǹkì àpapọ̀ kan ṣoṣo, BCEAO, tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Dakar, ló ń ṣàkóso sẹ́fà fún orílẹ̀-èdè 8, Benin àti Tógò wà lára wọn. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó níbẹ̀ á fẹ́ mọ ẹni tó ń gbà á fún. Ní Benin, wọ́n lè béèrè RCCM, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ òwò, àti IFU, nọ́ńbà owó orí. Ìwé CAC, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ òwò ti Nàìjíríà, kò tó fún wọn. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ forúkọ òwò sílẹ̀ níbẹ̀, tàbí kí ẹ bá oníṣòwò ibẹ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀ ṣe àdéhùn tó ní ìwé, kó máa ta ọjà yín kó sì máa gba owó rẹ̀. Ọmọ ìyá tó ń fi MoMo ara rẹ̀ bá yín gba owó kò burú fún ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí owó bá pọ̀ ni wọ́n á dá àkáǹtì náà dúró, tí ẹbí á sì dìjà.

Sẹ́fà tún ní ohun kan tó ti kó àwọn tó ń kọ kóòdù sí wàhálà. Náírà ní kọ́bọ̀, ẹnu-ọ̀nà ìsanwó bíi Paystack sì ń fẹ́ kí ẹ fi kọ́bọ̀ sọ iye ọjà: ₦30,000 á di 3,000,000. Sẹ́fà kò ní owó wẹ́wẹ́ tí a ń ná. Nítorí náà Stripe, fún àpẹẹrẹ, ń fẹ́ kí ẹ kọ sẹ́fà 12,000 bó ṣe wà gan-an. Ẹni tó bá gbé kóòdù náírà lọ sọ́hùn-ún láìyẹ̀ ẹ́ wò á béèrè 1,200,000 lọ́wọ́ oníbàárà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn sì lè ní kí ẹ ṣì sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kà. Ẹ má ṣe fi ti ọ̀kan ka ti èkejì.

Iye owó lọ́jà pàṣípààrọ̀ ńkọ́? Sẹ́fà wà ní 655.957 sí yúrò kan, kì í yẹ̀. Náírà kò rí bẹ́ẹ̀: ṣáájú June 2023, bíi ₦470 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba, nígbà tó fi di February 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Aládìrẹ tó ti lẹ iye sẹ́fà mọ́ aṣọ rẹ̀ kí náírà tó wó, tí kò sì tún un wò, owó tó ń wọlé fún un nínú náírà ti ju ìlọ́po méjì ohun tó rò lọ. Ẹni tó lẹ náírà nìkan mọ́ ọn, tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa yí i padà sí sẹ́fà, ti ń ta aṣọ rẹ̀ lọ́pọ̀ fún ará Àjàṣẹ́. Èmi á ní kí ẹ fi ọwọ́ kọ iye sẹ́fà fúnra yín, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Iye tó ń yí ní wákàtí-wákàtí ń dẹ́rù ba oníbàárà.

Gánà rọrùn díẹ̀. MoMo ti MTN wà níbẹ̀ láti 2009, Telecel Cash àti AT Money sì tẹ̀ lé e. Láti 2018 ni owó ti lè kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bọ́ sórí òmíràn. Paystack àti Flutterwave ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ètò kan tún wà tí mo ń fojú sọ́nà fún: PAPSS, tí Afreximbank ṣí ní Accra ní January 2022, tó fẹ́ kí ẹnì kan fi náírà san kí ẹlòmíràn fi sídì gbà á, láìjẹ́ pé dọ́là wà láàárín. Orílẹ̀-èdè 6 ni wọ́n fi dán an wò, Nàìjíríà àti Gánà wà níbẹ̀. Ọwọ́ ìsọ̀ kékeré kò tíì fi bẹ́ẹ̀ tó o.

Àwọn ọmọ wa tó wà nílùú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, káàdì ni tiwọn, tàbí Apple Pay àti Google Pay tó wà lórí fóònù wọn. Ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ni pé báǹkì wọn lè rí ìsanwó tó ń lọ sí Nàìjíríà, kó fura, kó sì dá a dúró. Ní Britain, láti March 2022, òfin ní kí báǹkì rí i dájú pé oníkáàdì fúnra rẹ̀ ló ń sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ó lè ní kó lọ fọwọ́ sí i nínú áàpù. Amẹ́ríkà kò ní irú òfin yẹn. Ohun tí báǹkì ibẹ̀ sábà ń wò ni bóyá nọ́ńbà ilé àti ZIP code bá èyí tó wà lọ́wọ́ òun mu. Mo ti rí ìsọ̀ ilẹ̀ wa tí kò ní àyè tí ènìyàn lè kọ ZIP code sí. Ẹ fi síbẹ̀.

Stripe kì í ṣí àkáǹtì tààrà fún òwò tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà nìkan. Paystack ló ń ṣe iṣẹ́ náà fún wọn níbí. Àwọn kan ń yá àdírẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù láti fi gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ má dán an wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè ìwé, owó oníbàárà ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè há mọ́ inú àkáǹtì tí wọ́n ti tì pa. Bí ọjà Britain bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní tòótọ́, pẹ̀lú owó orí tó bá a rìn.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé oníkáàdì òkèèrè lè sọ fún báǹkì rẹ̀ pé òun kò rí ọjà gbà, kí báǹkì fa owó náà padà lọ́wọ́ yín. Chargeback ni wọ́n ń pè é, ó sì lè dé lẹ́yìn 120 ọjọ́ pàápàá. Ìwé tó fi hàn pé ẹrù dé ọwọ́ oníbàárà nìkan ló lè gbà yín. Ẹ pa á mọ́.

Ewu mìíràn wà fún àwọn tó gbójú lé ẹnu-ọ̀nà òyìnbó nìkan. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì wa dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, kí wọ́n tó wá dá a dúró. Nígbà yẹn, ìsọ̀ tí dọ́là nìkan ló ń gbà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ Èkó tó wà ní òpópónà kejì sí i.

Ní ti Bahia, òwò láàárín ibẹ̀ àti Èkó ti wà láti ayé àwọn baba ńlá wa, láti ọ̀rúndún 19: aṣọ òfì, obì, ọṣẹ dúdú. Àwọn ilé òrìṣà Candomblé ṣì ń fẹ́ wọn. Pix ni wọ́n fi ń sanwó ní Brazil nísinsìnyí. Banco Central do Brasil ṣí i ní November 16, 2020, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ilé-iṣẹ́ alárinà bíi EBANX, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Curitiba ní 2012, ló ń bá àjèjì gbà á. Ojúewé yín gbọ́dọ̀ ní àyè fún CPF, nọ́ńbà ìdánimọ̀ onídíjíìtì 11 tí gbogbo ará ibẹ̀ ní. Bí oníbàárà Bahia yín kò bá ju méjì lọ, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu: káàdì tó.

Bí ẹ bá ti mọ ibi tí owó wà, iṣẹ́ tó kù ni kí ìsọ̀ mọ ẹnu-ọ̀nà tó yẹ kó ṣí fún ta ni. WooCommerce, tí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ wa dúró lé, lè ṣe é gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè tí oníbàárà kọ sílẹ̀ àti irú owó tó yàn. Àwọn méjèèjì yìí ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì sọ pé oníbàárà wà kò ṣeé gbára lé, torí ọmọ Kútọnu lè wà ní Paris lọ́sẹ̀ yìí, kó sì fẹ́ fi MoMo rẹ̀ sanwó. Ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta tó fún orílẹ̀-èdè kan, kí èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò jù wà lókè, lórúkọ tí wọ́n ń pè é gan-an. "Transfer" ni kí ọmọ Ìbàdàn rí, "MoMo" ni kí ará Ṣábẹ̀ẹ́ rí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù nìyí. Ojúewé tó ń sọ pé "Ẹ ṣeun, a ti gba owó" kì í ṣe ẹ̀rí. Oníbàárà lè sanwó tán kí data rẹ̀ tán kó tó dé ojúewé yẹn. Owó ti kúrò, ìsọ̀ kò mọ̀. Ẹlòmíràn sì lè kọ àdírẹ́sì ojúewé náà fúnra rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀rí tòótọ́ ni ìsọfúnni tí kọ̀ǹpútà ẹnu-ọ̀nà ìsanwó fi ránṣẹ́ tààrà sí kọ̀ǹpútà ìsọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní webhook. Kí kóòdù yín wo àmì ìdánilójú tó wà lórí rẹ̀, torí ẹnikẹ́ni lè rán ayédèrú. Kó wá wo nọ́ńbà ẹrù, iye owó, àti irú owó. Ìkẹta yìí ṣe pàtàkì gan-an: 30,000 sẹ́fà kì í ṣe 30,000 náírà, bẹ́ẹ̀ ìsọ̀ tó ń ka díjíìtì nìkan kò ní mọ ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà, kó padà bi ẹnu-ọ̀nà ìsanwó léèrè bóyá òótọ́ ni. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá sì dáhùn, wọ́n á tún ìsọfúnni náà rán, nítorí náà kí ìsọ̀ mọ ẹrù tó ti kọ sílẹ̀ pé owó rẹ̀ ti dé, kó má baà di pé aṣọ méjì ni ẹ fi ránṣẹ́ fún owó kan.

Lálaalẹ́, ẹ fi àkọsílẹ̀ ìsọ̀, ti ẹnu-ọ̀nà ìsanwó àti ti báǹkì wé ara wọn. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ti bá ara wọn mu ni owó ti ń jò.

Ní ti ààbò, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà káàdì ẹnikẹ́ni dé orí kọ̀ǹpútà tàbí WhatsApp yín láé. Àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì ti ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní PCI DSS láti 2004, ẹrù rẹ̀ sì wúwo fún ẹni tó bá ń pa nọ́ńbà mọ́. Bí ẹnu-ọ̀nà ìsanwó bá ń gbà á lójú ewé tirẹ̀, fífúyẹ́ ni lórí yín. Oníbàárà tó bá fi àwòrán káàdì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi ìtọ́sọ́nà sí ojúewé ránṣẹ́ sí i. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kò yọ ìsọ̀ kékeré sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí ẹnu-ọ̀nà ìsanwó fún yín náà ńkọ́? Ẹni tó kọ́ ìsọ̀ fún yín kò gbọdọ̀ máa mú un kiri lẹ́yìn tó bá ti parí iṣẹ́. Ẹ yí i padà.

Gbogbo ilé-iṣẹ́ yìí ló ní àyè ìdánwò tí owó inú rẹ̀ kì í ṣe owó gidi. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Kí ẹ tó ṣí ẹnu-ọ̀nà orílẹ̀-èdè kan fún gbogbo ènìyàn, ẹ wá ẹnì kan tó ń gbé ibẹ̀, kó fi fóònù tirẹ̀ àti owó tirẹ̀ ra ohun tó kéré jù lọ ní ìsọ̀ yín. Ẹ dúró títí owó náà yóò fi wọ àkáǹtì, kí ẹ wá dá a padà fún un, kí ẹ sì bi í bóyá ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.